Kí ẹ tó gbé tẹlifíṣọ̀n tó yadi wá bá mi

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ń ṣe nítòsí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè dín owó tó ń wọlé fún mi kù, ṣùgbọ́n ó ti sú mi kí ènìyàn gbé tẹlifíṣọ̀n tí nǹkan kan ò ṣe sórí ọ̀kadà láti Òkè-Àró, kí ó wá máa bi mí pé èló ni bọ́ọ̀dù.

Ìyá kan wá lọ́jọ́sí. Ọmọ ọmọ wọn fi íápíìsì wo bọ́ọ̀lù lóru, bó ṣe yọ ọ́ tán ni tẹlifíṣọ̀n yadi. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé bọ́ọ̀dù ohùn ti jó. Bọ́ọ̀dù wo? Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ihò íápíìsì. Bí ẹ bá ki ẹnu wáyà bọ̀ ọ́, irin náà á sún, tẹlifíṣọ̀n á sì pa sípíkà tirẹ̀. Bí irin yẹn bá há, tàbí tí eruku ọyẹ́ dí i, tẹlifíṣọ̀n á gbà pé íápíìsì ṣì wà níbẹ̀. Mo pa iná, mo ki ẹnu wáyà bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, mo tún ki, mo tún yọ. Mo tan iná, ohùn dé. Mo ní kí Ìyá fi owó wọn ra àkàrà. (Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ro ihò yẹn o. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń fún mi níṣẹ́ gidi.)

Ti àwọn oní-home theatre ló pọ̀ jù. Wọ́n á ki wáyà pupa àti funfun sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: AV IN ló sábà máa ń jẹ́. Ibẹ̀ ni ohùn dẹ́kódà àti DVD ń gbà wọlé, ohùn kankan kì í gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ ò bá rí AUDIO OUT, ẹ wá ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC sí lára; ibẹ̀ ni ohùn tẹlifíṣọ̀n lè gbà jáde lọ sí home theatre. Bí HDMI bá tó mẹ́ta, ọ̀kan péré ló sábà máa ń ní in. Ní ti home theatre, ihò HDMI OUT tó ní ARC ni kí ẹ lò, kì í ṣe IN. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, kí ẹ tan CEC, èyí tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n àti home theatre máa gbọ́ ara wọn. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní Simplink, Sony ní Bravia Sync. Ẹ yan home theatre níbi Sound Output. Ọdún 2009 ni ARC dé, nítorí náà ẹ má wá a lára home theatre tó ti pẹ́ jùyẹn lọ.

Ihò optical náà wà tí ohùn lè gbà jáde, èyí tí iná pupa máa ń tàn nínú rẹ̀. Ẹ yọ rọ́bà kékeré tó bo ẹnu wáyà rẹ̀ kí ẹ tó ki í. Bí ohùn ò bá jáde síbẹ̀, ẹ yí irú ohùn tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde sí PCM, èyí tí kò díjú, nínú Settings.

Àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ bá wí jù. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, etí wọn ti wúwo díẹ̀, ìyàwó wọn sì ń fẹ́ sùn. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n ńlá tuntun, wọ́n dé ilé, kò sí ihò íápíìsì rárá! Ẹni tó tà á ní kí wọ́n lo Bluetooth. Bàbá lò ó: ẹnu oníròyìn ti pa dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí fóònù Bàbá bá sì wà nítòsí, òun ló máa ń kọ́kọ́ gba hẹ́dífóònù náà mọ́wọ́. Àpótí kékeré kan tó ń gba ohùn láti inú optical, tó ní ihò íápíìsì lára, ni mo bá wọn so mọ́ ọn. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kì í sábà dín ohùn rẹ̀ kù, nítorí náà mo wá hẹ́dífóònù tó ní bọ́tìnnì ohùn lára wáyà rẹ̀. Ìyàwó ti ń sùn. Ṣùgbọ́n owó méjì ni Bàbá san lórí ohun tó yẹ kí ẹni tó tà á sọ kó tó gbowó.

Ẹ̀yin tó fẹ́ rà, ẹ mú íápíìsì yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ní kí wọ́n ki í bọ̀ ọ́ lójú yín.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí sípíkà tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, tí ti ìta náà kò sọ̀rọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí iná NEPA bá já wọlé lójijì, ẹ gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú rìmóòtù rẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́