Ẹ̀pà Nínú Àwo Ọmọ Wa: Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Ilé Oúnjẹ Gujarati (Ará Íńdíà) Kan ní Leicester

Leicester,
Ọjọ́rú.

Sí Ọ̀gá tó ni ilé oúnjẹ,
Belgrave Road, Leicester.

Ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OÚNJẸ TÍ A JẸ LỌ́DỌ̀ YÍN NÍ ALẸ́ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA TÓ KỌJÁ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, torí inú ń bí mi, èdè tí mo sì fi ń bínú nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin ni yóò yí i sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bu omi là á.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ará Ìjẹ̀bú-Òde. Oṣù kẹta rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ ọmọ wa níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti jẹun lọ́dọ̀ yín kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ọpẹ́ nìkan la sì ń dú. Èmi tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ tí kò bá ní ẹran tàbí ẹja, oúnjẹ aláìsàn ni, ẹ̀yin lẹ yí mi lérò padà. Dhokla yín, àbúrò mọ́ínmọ́ín ni mo sọ ọ́. Ìyàwó mi ló sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé mogo wá, kò mọ ohun tó jẹ́, bí wọ́n ṣe gbé e dé, ó pariwo pé, "Ẹ̀gẹ́ rèé!" Ẹ̀gẹ́ ni lóòótọ́, wọ́n dín in, wọ́n wọ́n ata sí i, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ọmọbìnrin tó gbé e wá sọ fún wa pé Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni àwọn bàbá yín ti mọ̀ ọ́n jẹ, pé muhogo ni àwọn Swahili ń pè é, ẹ̀yin lẹ gé e kúrú.

Mo wá rántí ọdún 1972. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà, a gbọ́ ọ lórí rédíò pé Idi Amin, olórí Uganda, fún àwọn ará Éṣíà tó wà níbẹ̀ ní 90 ọjọ́ péré láti kó ẹrù wọn. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé Leicester ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò forí lé. N kò sì mọ̀ pé káńsù ìlú yìí ti san owó ìkéde sínú ìwé ìròyìn Uganda pé kí wọ́n má wá. Wọ́n wá o, wọ́n gbé ìfẹ́ ẹ̀gẹ́ dání. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ló ń kọ̀wé sí yín.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa márùn-ún la wá: èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa, ọkọ rẹ̀, àti ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún méje. Èèwọ̀ ọmọ yìí ni ẹ̀pà. Dókítà ló kà á léèwọ̀ fún un láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì, torí bó bá tọ́ ọ wò lásán, ọ̀fun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kí a tó jókòó dáadáa ni ìyá rẹ̀ ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá béèrè ohun tí a fẹ́ jẹ. "Peanut" ni ọ̀rọ̀ tó lò, mo fetí ara mi gbọ́ ọ. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "No nuts, madam." Nígbà tí àwo dé, ìyá ọmọ tún na ìka sí dal, ọbẹ̀ ẹ̀wà yín, tó wà nínú àwo ọmọ náà, ó tún béèrè. Ó tún ní, "No nuts." Kò yà sí kíṣìnì lọ béèrè, kò sì wo ìwé kankan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo ń fi rotli, búrẹ́dì pẹlẹbẹ yín, kó dal tèmi, ọbẹ̀ náà ń dùn mọ́ mi lẹ́nu, súgà ìrèké pupa tí ẹ fi sí i àti kíkan rẹ̀ ń bára wọn ṣeré, ni eyín mi bá pàdé hóró kan. Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀pà ni, ẹ̀pà sísè, odindi. Ta ni yóò fi ẹ̀pà sísè han ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò ní dá a mọ̀? Mo gbójú sókè, ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lá dal tirẹ̀ tán.

Ètè rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Ó ń họ ọrùn, ó ní ọ̀fun ń yún òun, lẹ́yìn ìyẹn ni kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gbé kiri nítorí rẹ̀, ó gún un ní itan, ìyá rẹ̀ ń pe 999. Ilé ìwòsàn dá a dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, Ọlọ́run ṣeun. Lánàá ó ti ń bá mi du rìmóòtù.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Áńbúláǹsì ti gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ bàtà ọmọ kan lábẹ́ tábìlì. Ọkùnrin tó wà nídìí owó bá tẹ̀ lé èmi àti ọkọ ọmọ mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Thali mẹ́rin, àwo ńlá tí oúnjẹ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, £68. Mogo, £7. Àwo ọmọdé, £9. Owó ìtọ́jú, 12.5%, £10.50. Àpapọ̀ £94.50. Ọkọ ọmọ mi san gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkùnrin yín wá sọ fún un pé nígbà mìíràn, kí òbí máa ṣọ́ ohun tí ọmọ bá ń jẹ.

Ọ̀gá, wọ́n ṣọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Nǹkan kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kan náà, kó tó gbọ́ ohun tí a fẹ́ jẹ rárá, ó ti bi wá bóyá ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn kan láti Íńdíà, wà nínú wa. Ó wo ojú wa, àwa Ìjẹ̀bú, ó ṣì béèrè, inú mi sì dùn sí i. Ó ní bó bá wà, ìkòkò ọ̀tọ̀ ni oúnjẹ onítọ̀hún yóò ti wá, tí kò ní àlùbọ́sà, tí kò ní ááyù, tí kò ní ọ̀dùnkún. Ìdáná tó mọ ìkòkò tí ááyù kò kàn nínú gbogbo ìkòkò rẹ̀, kí ni àwáwí rẹ̀ lórí ẹ̀pà?

Mo ti gbìyànjú láti ro tiyín. Ilẹ̀ ẹ̀pà ni Gujarat, ìpínlẹ̀ yín ní Íńdíà, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa náà mọ irú rẹ̀, ẹni tó bá dàgbà tó mi rántí àwọn òkìtì ẹ̀pà Kano. Ibi tí ẹ̀pà bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, alásè lè máà kà á mọ́ nǹkan, bí a kì í ṣe í ka iyọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni, ló là á yé mi pé nǹkan 14 ni òfin ilẹ̀ yìí ní kí olóúnjẹ lè sọ fún oníbàárà bóyá ó wà nínú oúnjẹ tàbí kò sí, àti pé ẹ̀pà ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé náà, ọ̀tọ̀ ni àyè kajú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin yín má ti purọ́: bó bá jẹ́ irú kajú nìkan ló ń pè ní "nuts", kò sí kajú nínú dal. Ṣùgbọ́n a kò béèrè kajú. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé páálí chevdo, ìpanu tí ẹ ń dì tà lórí káńtà yín, wọ́n kọ ẹ̀pà gàdàgbà sí i lára. Òfin tí wọ́n ń fi orúkọ Natasha pè ló fà á, ọmọbìnrin ọdún 15 tó kú ní 2016 nítorí yànmọ̀tí (sesame) inú búrẹ́dì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n ti ń lò ó. Ohun tí a dì sínú páálí ni òfin yẹn dá lé. Ẹ ti ṣe ohun tí òfin wí fún páálí, àwo ọmọ ló ṣẹ́ kù.

Pé ẹ kọ ọ́ sójú gíláàsì pé àjẹtúnjẹ ni thali, tí a sì pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó tún bu ìrẹsì wá, ìyẹn mo ti dárí rẹ̀ jì yín.

N kò béèrè owó gbà-má-bínú. Owó thali, ẹ mú un, a jẹ ẹ́. Owó mogo náà tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n £10.50 tí ẹ pè ní owó ìtọ́jú, ẹ dá a padà. Ta lẹ tọ́jú? Ẹ kọ ẹ̀pà sí ẹ̀gbẹ́ dal nínú ìwé oúnjẹ yín, àti sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo oúnjẹ mìíràn tí ẹ̀pà bá wà nínú rẹ̀, lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà láìwọ awò. Kí ọkùnrin ìdí owó yẹn pe ọmọ mi lórí fóònù, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì, torí ọ̀rọ̀ tó sọ kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ náà. Ẹ má lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá. Ọmọ ilé-ìwé ni, mo rí ìwé rẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ẹ kọ́ ọ kó máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n béèrè ní kíṣìnì."

Bí a kò bá rí èsì yín láàárín ọjọ́ 14, a ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń bójú tó oúnjẹ. Kò wù mí kó dé ibẹ̀. Ọmọ náà bi mí láàárọ̀ yìí bóyá a ṣì lè lọ jẹ ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà mi tán ná.

Èmi ni,
Bàbá ìyá ọmọ náà.