Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Ti Dí Ilé Mi Nímú

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tó ṣe ilé mi

Ẹ̀gbọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó dá mi lójú pé àlàáfíà ni ẹ wà, àti àwọn ará ilé.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí Yorùbá la fi ná iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá wo ilé, ẹ jókòó sí pálọ̀ mi, ẹ jẹ àmàlà, ẹ ní ọmọ ìyá ni wá, pé kí n má lọ kó owó mi fún ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń gbé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè yín nínú oṣù Kìíní pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹ ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí "ilé iṣẹ́", pé iṣẹ́ lọ́tọ̀, ẹbí lọ́tọ̀. A kì í mọ ọkọ ọmọ, ká tún mọ àlè rẹ̀. Mo ti wá kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ báyìí. Ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àpò ìwé kan náà, nítorí ẹnì kan tí kò gbọ́ Yorùbá lè ní láti kà á lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí mo ní kí ẹ bá mi ṣe. Ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria ni ilé mi, ọ̀kan nínú àwọn tó tò tẹ̀lé ara wọn ládùúgbò, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló pín èmi àti aládùúgbò níyà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Yàrá iwájú rẹ̀ ní fèrèsé ńlá tó yọ síta bí ikùn, yàrá àárín tẹ̀lé e, kíṣìnì tóóró wà lẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì yẹn ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a kò fi ṣe nǹkan kan ju ká kó kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ síbẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ́ ilé náà kò kàn fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ o. Ibẹ̀ ni yàrá àárín ti ń rí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ sì mọ irú ilé tí ilé wa jẹ́, nítorí mo sọ ọ́ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fẹ́ sọmọ lórúkọ, ọ̀dọ̀ mi ni. Bí ará ilé bá dé láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù ń kọ́kọ́ sọ̀. Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa, ọ̀dọ̀ mi náà ni. Ọdún mọ́kànlá làwọn àlejò mi fi ń jókòó sórí àtẹ̀gùn jẹun, tí àwo wà lórí itan, tí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀ sì máa ń fò wọ́n kọjá. Ìdí tí mo ṣe kówó jọ nìyẹn. Kì í ṣe fáàrí. Mo fẹ́ ibi tí ogójì ènìyàn lè jókòó sí, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n dìde jó.

Àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2024 kò lẹ́jọ́ nínú. Ẹ óò wó ògiri tó wà láàárín yàrá iwájú àti yàrá àárín, ẹ óò fi irin gbé òkè dúró. Ẹ óò kọ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ kíṣìnì, ẹ óò fi fèrèsé òrùlé mẹ́ta sí i kí yàrá àárín má bàa di inú àjà. Ẹ óò fi ẹ̀rọ tó ń fa èéfín sórí sítóòfù, nítorí mo ṣàlàyé pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń se ọbẹ̀ inú agolo. £78,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 4, oṣù Kẹta. Mo ti san £72,000. Ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá ni àwọn ọmọ yín tó kó irinṣẹ́ wọn kúrò. Mi ò ní pẹ́ lórí ìdádúró yẹn. Òjò rọ̀, mo mọ̀. Àmọ́ mo tún mọ̀ pé lóṣù Keje, káfíńtà yín wà níbi iṣẹ́ mìíràn ní Croydon, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Fèrèsé òrùlé méjì ni mo rí dípò mẹ́ta. Ìyẹn náà ṣì kéré.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ Sátidé, ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá. Bàbá mi pé ọgọ́rin ọdún. Wọ́n wọ bàálù wá láti ilé, wọ́n fẹ́ rí ilé tí ọmọ wọn tún ṣe. Èèyàn márùndínláàádọ́ta ló wá. Láàárọ̀, bí a ṣe gbé òróró kaná láti dín ẹja, èéfín kò lọ síbì kankan. Ẹ̀rọ ń pariwo, iná rẹ̀ ń tàn, èéfín sì ń padà wọlé láti ihò iná mànàmáná inú àjà. Agogo iná ké títí tí àbúrò mi fi gorí àga yọ bátìrì rẹ̀. Nígbà tí ẹni tí mo pè lẹ́yìn náà tú àjà wò, ó bá páìpù ẹ̀rọ náà tó parí sínú àjà lófo. Wọn kò lu ògiri síta fún un rárá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbowó ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ẹ kàn gbé e kọ́ bí àwòrán.

Lálẹ́, nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, àwọn àǹtí mi dìde láti ná Bàbá lówó. Obìnrin mẹ́wàá, bóyá méjìlá. Ilẹ̀ yàrá iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò bí ọkọ̀ ojú omi. Ìgò ń kanra nínú kọ́bọ́ọ̀dù, gíláàsì mẹ́ta já bọ́. Bàbá mi gbá apá àga mú, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ilé yìí lẹ́sẹ̀?" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lójú wọn, mo sì wọ kíṣìnì lọ sunkún.

Lóṣù Kìíní, mo san £420 fún onímọ̀ nípa ilé àtijọ́ kan tó ká pákó ilẹ̀ sókè níwájú mi. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpò yìí pẹ̀lú fọ́tò. Ohun tó fi hàn mí ni olórí ẹ̀sùn mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ilẹ̀ ilé ayé Victoria kì í jókòó sórí kọnkéré. Pákó ni, igi ló gbé pákó, àlàfo sì wà lábẹ́ igi. Níwájú ilé àti lẹ́yìn ilé, wọ́n fi bíríkì oníhò sí ìsàlẹ̀ ògiri kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kó gba èkejì jáde. Atẹ́gùn yẹn ló ń gbé ọ̀rinrin ilẹ̀ lọ kí igi má bàa jẹrà. Ohun tó gbé ilé náà ró fún ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kò ju ìyẹn lọ: ihò àti afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ da kọnkéré ilẹ̀ tuntun sẹ́yìn, ẹ dà á bo àwọn bíríkì oníhò ẹ̀yìn pátápátá. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹ́ páìpù sábẹ́ kọnkéré, láti ara ihò àtijọ́ dé ara ògiri tuntun, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ kò tẹ́ ẹyọ kan. Ẹ dí ilé náà nímú, ẹ sì ní kó máa mí.

Òórùn tí mo ń gbọ́ láti oṣù Kẹsàn-án, tí ẹ sọ fún mi pé òórùn ọ̀dà tuntun ni, èbu ni. Ó ti funfun lábẹ́ pákó. Nígbà tí ọkùnrin náà fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin inú igi, ó ka 26, ó ka 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí igi bá ti kọjá 20, ó ti wà lójú ọ̀nà jíjẹrà nìyẹn.

Ilẹ̀ tó ń jó pẹ̀lú àwọn àǹtí mi wá ńkọ́? Àwọn púlọ́ńbà yín gé ojú igi láti fi gba páìpù omi gbígbóná kọjá. Igi yẹn ga ní mìlímítà 100. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí irú ìgé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí: kò gbọdọ̀ jìn ju ìdá kan nínú mẹ́jọ gíga igi, ìyẹn bíi mìlímítà 12, kó sì wà nítòsí ibi tí igi ti sinmi lé ògiri. Tiyín jìn tó 50, láàárín gbùngbùn, lára igi méje. Ẹ gé eegun ẹ̀yìn ilẹ̀ náà sí méjì, ẹ wá tẹ́ pákó dáadáa lé e lórí.

Ògiri yàrá àárín tí ẹ fi símẹ́ǹtì rẹ́ ti ń yọ iyọ̀ funfun. Ògiri bíríkì àtijọ́ kò ní àlàfo láàárín. Ó ń mu omi díẹ̀, ó sì ń tú u síta; símẹ́ǹtì yín ló dí i lọ́nà. Láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń pò kọ́lé, ni àwọn tó kọ́ ọ fi so ó, láìmù náà ló sì wà nínú àdéhùn wa, ojú ìwé kẹta.

Ti irin tó gbé òkè dúró, mi ò lè sọ pé ó dára tàbí kò dára, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo lọ sọ́dọ̀ káńsù. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ wọn wo ìpìlẹ̀, ó wo ojú gọ́tà, lẹ́yìn ìyẹn ẹ kò pè é mọ́. Ẹ ti fi pátákó bo irin, ẹ ti kun ún. Láìsí àyẹ̀wò yẹn, kò sí ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ ta ilé yìí lọ́la, ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á máa béèrè nìyẹn.

Aládùúgbò mi náà ni ẹ kò bọ̀wọ̀ fún. Òfin ògiri àjọpín ti ọdún 1996 ní kí á fún un ní ìwé ìkìlọ̀ ní oṣù méjì kí á tó gbẹ́ ihò sí ògiri tí a jọ ni láti fi orí irin sí i. Ẹ ní ẹ máa bá mi kọ ọ́, ẹ gba £350 lọ́tọ̀ fún un. Ẹ kò kọ ọ́. Ògiri pálọ̀ ìyá náà là. Ìyá tó máa ń bá mi gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó lẹ́tà, oṣù méjì ni kò fi kí mi. £1,850 ni mo fi san owó àwọn tó wá yanjú rẹ̀ láàárín wa.

Ọ̀rọ̀ ibi ìdáná àtijọ́ yàrá iwájú ńkọ́, èyí tí wọ́n fi irin rọ, tó ní òdòdó lára? Mo kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́, mo bá a nínú àgbá ìkólẹ̀ níta, ó ti fọ́ sí mẹ́ta. Ẹ ní irin àtijọ́ lásán ni. Mi ò bu owó lé e, nítorí mi ò mọ iye tí mo lè pè é.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ fi ìwé owó ránṣẹ́ ní ọjọ́ 3, oṣù yìí: £6,000 tó kù, àti £3,200 "àfikún" fún irin tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀. Àdéhùn wa ní àyípadà kankan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó wà ní kíkọ. Mi ò ní san £3,200 yẹn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015 ní kí ẹni tó bá gbowó iṣẹ́ fi ìmọ̀ àti ìtọ́jú tó yẹ ṣe é. Bí kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kó padà wá tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí mo ń béèrè nìyẹn. Ẹ wá ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Ẹ pààrọ̀ igi méje tí ẹ gé àti èyíkéyìí tó bá ti jẹrà. Ẹ ha símẹ́ǹtì ògiri àárín, kí ẹ fi láìmù rẹ́ ẹ. Ẹ gbé páìpù èéfín jáde síta. Ẹ fi fèrèsé òrùlé kẹta sí i. Ẹ ṣí irin sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ káńsù rí i, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí yẹn bá wọ ọwọ́ mi ni £6,000 yín máa wọ àpò yín, mo ti yà á sọ́tọ̀. Ẹ ó yọ £1,850 ti aládùúgbò kúrò nínú rẹ̀.

Mo ń retí ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ní kíkọ, kó tó di ọjọ́ 24, oṣù yìí. Bí mi ò bá rí i, agbaṣẹ́ṣe mìíràn ti ní £9,400 ni òun máa gbà láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. N óò fi £6,000 náà san apá kan, n óò sì pè yín lẹ́jọ́ fún £3,400 tó kù, £1,850 ti aládùúgbò àti £420 ti àyẹ̀wò: £5,670. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹ̀sùn owó kékeré máa ń gba ohun tó tó £10,000, kò sì pọn dandan kí n gba lọ́yà.

Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni ní ìjọ wa wá bẹ̀ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń wà nílé, láti aago mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú káfíńtà yín dání, kó wá wo igi rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èmi ni,

Ìyá Ìbejì