Ẹ̀jẹ̀ màlúù ò lè ṣe é, ẹ bi adìyẹ wò

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èyí jáde. Ní Òṣogbo níbí, tí wọ́n bá ti ní kí èèyàn lọ wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn ẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ "èyí tó ń ṣàn dànù ní odò ẹran ńkọ́, ṣé kò pupa ni?" Ó pupa o, àmọ́ omi inú ẹ̀ ni wàhálà.

Wọ́n ti dán an wò rí. Ní 1667 dókítà kan ní Paris, Jean-Baptiste Denis, fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn sí ọmọkùnrin kan lára, ọmọ yẹn ò kú (ẹ̀jẹ̀ tó fà sí i lára ò pọ̀ ni o), ló bá tún fa ti ọmọ màlúù sára Antoine Mauroy, ìtọ̀ ọkùnrin yẹn dúdú kirikiri, nígbà tó sì padà kú ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní 1875 ni Landois ará Jámánì wá fi hàn pé tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ èèyàn bá bọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko, ṣe ló máa ń dì pọ̀, tàbí kó bẹ́. Ẹranko tí ò pàdé ẹ̀jẹ̀ èèyàn rí, áńtíbọ́dì (ohun tí ara fi ń bá àjèjì jà) ti wà lára ẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ta ló kó o síbẹ̀? Adìyẹ ló ya èmi lẹ́nu jù. Ó ní áńtíbọ́dì tó ń bá ẹ̀jẹ̀ gúrúùpù B tiwa jà. Ní 1959 Georg Springer àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tọ́ àwọn òròmọdìyẹ kan síbi tí kòkòrò àìfojúrí kankan ò lè dé, wọ́n tọ́ àwọn kan bí gbogbo ayé ṣe ń tọ́ adìyẹ, àwọn tìta yìí ní áńtíbọ́dì yẹn rẹpẹtẹ, àwọn tinú ilé mímọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan. Kòkòrò inú ìfun ni! E. coli kan wà tí wọ́n ń pè ní O86, ohun tó wà lára ẹ̀ jọ ti ẹ̀jẹ̀ B gan-an, adìyẹ ń bá kòkòrò jà, ó wá ka ẹ̀jẹ̀ wa mọ́ ọ̀tá.

Àwa náà rèé o. Ọmọ tuntun kì í tíì ṣe anti-A tàbí anti-B (áńtíbọ́dì tó ń bá ẹ̀jẹ̀ A tàbí B jà) tiẹ̀, ó máa tó oṣù díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ gúrúùpù O ní méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ O nìkan ló lè gbà.

Torí náà tí àwa ará lábù bá ní kẹ́ ẹ dúró ká ṣe crossmatch (ká po ẹ̀jẹ̀ tá a fẹ́ fà mọ́ ti aláìsàn, ká wò ó bóyá wọ́n á bára wọn jà), ẹ má bú wa mọ́, kì í ṣe owó la ń wá. Olóòtú, ẹ ò ṣe rán oníròyìn yín kan wá kó wá fojú ara ẹ̀ wo bá a ṣe ń ṣe é?

Òṣìṣẹ́ lábù kan,
Òkè-Fíà, Òṣogbo