Àjàní, Ṣé O Na Ọmọ Yẹn?

Ìkìrun,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àjàní, ọkọ mi,

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, o ò gbé e. Mo tún pè lánàá, o ti pa á. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la, òun ni yóò fi èyí lé ọ lọ́wọ́. Èyí, o ò lè pa á.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Ìjì ká páànù ilé ìdáná lọ́sẹ̀ tó kọjá, káfíńtà ti wá kan apá kan. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù kò wọlé, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ń bá ọ sọ. A ń jẹ, a ń mu.

Ohun tí mo gbọ́ ni mo ń bá ọ sọ. Ìyá kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ilé ìwé yín ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní o na ọmọ JSS 2 kan lọ́wọ́, ọwọ́ náà wú débi pé kò lè di bírò mú, ìyá ọmọ sì wá ká ọ mọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Àjàní, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé o na ọmọ yẹn?

Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Mo gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, Grade II, ní 1978. Nígbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ilé ìwé girama di ọ̀fẹ́ ní 1979, ńṣe làwọn ọmọ ń ya wọlé bí omi, nígbà tí mo sì gba NCE tí mo bọ́ sí girama, inú èrò yẹn ni mo bọ́ sí. Mo mọ bí ó ti rí kí èèyàn dúró níwájú ọgọ́rin ọmọ, kí mẹ́rin há sórí bẹ́ńṣì ẹni méjì, kí òjò máa lu páànù tí ohùn rẹ ò fi ní kọjá ìlà kejì. Ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá: ohùn àwọn ọkùnrin ń dà, ojú ń ti àwọn obìnrin, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín ohun tí tíṣà ò rí. Ká kọ lẹ́sìn nóòtù, ká máàkì ìwé, ká tún máa ṣọ́nà owó oṣù. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe é. Kò yẹ kí o nà án bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti wà láti 2003. Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá lo fẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ wá jókòó sí pẹ̀lú ewú orí wa?

Ṣé o ń jẹun? O rù nígbà tí o wálé fún Àjíǹde. Báàgì Ghana-must-go kan ló kún fún ìwé àwọn ọmọ, o jókòó tì í títí di aago kan òru. O ké sí mi pé kí n wá wo ohun tí ọmọbìnrin kan kọ. O ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ nínú ara. Ó kọ Gẹ̀ẹ́sì títí Gẹ̀ẹ́sì fi tán, ó wá fi Yorùbá parí i pé òun la máa ń fi lé orí òróòro bí inú bá ń bí wa. O rẹ́rìn-ín, o fún un ní ààbọ̀ máàkì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ, mo ní ọmọ mi ti di tíṣà. Ṣé ọwọ́ tó kọ ààbọ̀ máàkì yẹn náà ló gbé pàṣán?

Bí kì í bá ṣe ìwọ, pè mí kí o sọ. Bó bá sì jẹ́ ìwọ ni, pè mí kí o sọ.

Ohun tó ń lé oorun lójú mi ni pé mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Èmi ni mo ń jókòó tì ọ́ tí o bá ń ka ìsọdipúpọ̀ méje. Bí o bá ti ṣì í, mo ti ta pàṣán sí ọ lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò sì ń yìn mí.

Káfíńtà tó kan páànù wa yẹn, mo kọ́ ọ ní JSS 1 ní 1986. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ó yá lọ́wọ́, ìwé rẹ̀ sì dùn ún wò. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òsì kọ̀wé ní kíláàsì mi. Ẹ̀gbẹ́ rúlà ni mo fi ń gbá a léegun ìka, lónìí, lọ́la, títí tọ́ọ̀mù yẹn fi parí. Ó bọ́ sí ọ̀tún. Ìwé rẹ̀ wá dà bí ibi tí adìẹ tan ilẹ̀, kí ó sì tó da ìlà mẹ́ta kọ, wọ́n ti nu pátákó. Nígbà tó yá, bí mo bá béèrè ìbéèrè, kò nawọ́ mọ́. Mo pè é ní olódo lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò dé JSS 3.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òsì ló fi di òòlù mú lórí òrùlé, ìṣó kan kì í gbà á ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo gbé omi jáde sí i. Bó ṣe fojú kàn mí, ó sáré gbé òòlù sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkùnrin tó ti ní ọmọ ọmọ! Ó ní, "Ẹ ṣé, tíṣà mi." Ìṣó kan wọ́, èkejì wọ́, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo gbé omi sílẹ̀, mo wọlé, mi ò jáde mọ́ títí ó fi lọ.

Wọ́n ní ọ̀tún la fi ń na ọmọ, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ti òsì gan-an ni èmi nà.

Ọwọ́ wo ni ọmọ tìrẹ yẹn fi ń kọ̀wé? Ṣé ó ti lè di bírò mú? Lọ sílé wọn, má rán ẹnikẹ́ni. Mú àgbà kan dání nínú àwọn tíṣà yín, dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kí o sì kọjú sí ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́. Fi ọwọ́ ara rẹ bá a da gbogbo nóòtù tó kọjá rẹ̀ kọ. Má jẹ́ kó di ọjọ́ tí yóò máa bá ọ kan páànù.

Káfíńtà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá parí ilé ìdáná. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń to ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, kò tíì gún. Bí o bá ti ti ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ yẹn dé, wọ mọ́tò ìdájí máa bọ̀. Mi ò fẹ́ dá nìkan sọ ọ́.

Ìyá rẹ.