Ẹ bá wa rántí Chadwick náà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Nicholas Winton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba àwọn ọmọ Júù là. Ibùdókọ̀ ojú irin Liverpool Street ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ère àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀, àwọn tàpótí tàpótí, bí ẹni tí kò mọ ilé tí òun máa sùn lálẹ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń já àwọn ọmọ Júù sí kí ogun Hítílà tó bẹ́ sílẹ̀.

Nicholas Winton ni gbogbo ayé ń yìn, ó sì tọ́ sí i. Ọmọ 669 ló ti Prague ní ilẹ̀ Czech bọ́ lọ́dún 1939 nípasẹ̀ ètò tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní dandan ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní alágbàtọ́, kí wọ́n sì fi £50 dúró fún un. Owó ńlá mà ni nígbà yẹn! Ọdún 1988 ni BBC kó àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ti dàgbà, wá jókòó yí i ká láìjẹ́ kó mọ̀. Ní 2003, ọbabìnrin fi oyè Sir dá a lọ́lá.

Ti Trevor Chadwick, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ náà, ló ń dùn mí. Olùkọ́ ni. Winton ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí Chadwick ṣì ń kó ọmọ wọkọ̀ ní Prague lójú àwọn ọmọ ogun Jámánì. Winton fúnra rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ Chadwick ló le jù. Chadwick kú ní 1979. 2022 ni wọ́n tó gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Swanage, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá tún máa kọ nípa Winton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà méjì ṣe ti Chadwick.

Òǹkàwé yín,
Lọ́ńdọ̀nù