Ìtàgbè Ìyá Àgbà Kò Sí Nínú Àpótí Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Ọbańta nílé lóko, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi,

Ẹ kú ojúmọ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣí àpótí tó wà ní yàrá òkè nílé wa l'Ìjẹ̀bú-Òde, ìtàgbè ìyá àgbà, aṣọ èjìká tí wọ́n fọwọ́ hun, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ ló tà á. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọ ilé wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti sunkún tó.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́ ni. Ó ti ń wó lọ kí ẹbí àti régbérégbé mi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ọjọ́ orí kan náà, tó dáwó jọ tún un ṣe, tí a sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bíríkìlà àkọ́kọ́ fẹ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri. Mo lé e lọ. Sìmẹ́ńtì á há omi mọ́ inú amọ̀, ògiri á máa jẹrà láti inú wá. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí ọpọ́n ayò, ìkòkò aró, àti agogo idẹ olójú èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọdé á tẹ́ ẹní sí yàrá ẹ̀yìn, àwa arúgbó á máa pàlọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n nítorí ìtàgbè yẹn ni ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń gun àtẹ̀gùn.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà ń hun irú rẹ̀. Òfì tiwọn dúró sára ògiri ni, kì í ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ nílẹ̀. Tí wọ́n bá dé ibi ojú ọ̀nì nínú àwòrán tí wọ́n ń hun sára aṣọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, àní ewúrẹ́ pàápàá, wọ́n á ní ká lé e jáde. Wọ́n á sì fa òwú yọ létí aṣọ títí tí yóò fi rí wúruwùru bíi ṣàkì inú màlúù. Aṣọ olóyè ni, aṣọ Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ Ògbóni ti Ìjẹ̀bú, orí èjìká ni wọ́n ń gbé e sí. Irú aṣọ ọlọ́nà yìí gba orí omi dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari ní Niger Delta, wọ́n sọ ọ́ ní ikaki, ìjàpá nìyẹn lédè tiwọn. Àwòrán tí àwa ń pè ní ọ̀pọ̀lọ́, ìjàpá ni àwọn rí níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe aṣọ iyì. Àjèjì mọ iyì rẹ̀!

Fóònù ni ọmọ yìí fi owó rẹ̀ rà. Fóònù!

Ẹ má sọ fún mi pé ebi ni. Lọ́dún tí bàbá mi kú, ìyá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ta àga, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Gààrì la ń mu sùn, àpótí náà sì wà lókè orí wa.

Òyìnbó fi ìbọn borí àwa Ìjẹ̀bú lójú ogun Ìmàgbọ̀n lọ́dún 1892. Èyí ńkọ́, ta ló yìnbọn? Oníṣòwò kan wakọ̀ wá, ó kí ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ọmọ sì fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ náà sínú ọ̀rá. Òfin ọdún 1979 kò sì gbà kí ẹni tó bá ṣáà ti wù máa ra nǹkan àtayébáyé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n gbé e kọjá ibodè láìgbàwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ẹ wo ilé Fernandez ní Tinúbú l'Ékòó, tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Láti 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 2016, wọ́n wó o lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó wà nílé yín, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Fóònù tí ẹ ń nà sókè yẹn, ẹ fi gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní Ojúde Ọba, mo rí yín. Ẹ ń yá òfì, ẹ ń yá iyùn, kí àwòrán lè dára. Ẹ ń sanwó yá ti ẹlòmíràn, ẹ ń ta tiyín!

Ìtàgbè náà funfun, ṣàkì rẹ̀ pupa, ọ̀nì méjì kọjú síra lórí rẹ̀. Òwú dúdú wà ní igun kan tí wọ́n tún rán. Èmi ni mo ya ibẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá àgbà sì nà mí. Ẹni tó bá rí i, kó gbé e wá. N kò ní bèèrè ọwọ́ ẹni tó ti rà á. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

Ìyá yín ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì