Nọ́ńbà lára búrọ́ọ̀ṣì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ sílé ọmọ aláìlóbìí kan lọ́dún èṣí, ọmọ bí ogójì nínú yàrá kan ṣoṣo, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọn, kò sórúkọ kankan. Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni? Ilé kékeré ló yẹ ká máa ṣe jàre, ọmọ bíi mẹ́jọ, ìyá kan tí wọ́n á máa pè ní Màámi, kíṣìnì tọ́mọ lè wọ̀ kó bu ẹ̀bà fúnra ẹ̀. Kì í ṣàlá o, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hermann Gmeiner bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ nílùú Imst ní Ọ́stríà lọ́dún 1949, SOS, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀, náà sì wà ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó. Ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fún wọn ní láísẹ́ǹsì kẹ́ ẹ lọ sùn, ẹ máa yọjú síbẹ̀ lálẹ́, nígbà táwa àlejò oníráìsì bá ti lọ.

Èmi òǹkàwé yín, Ìbàdàn